Orí Mẹ́tàdínlógún

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí
nígbà tí Mọ̀ríámọ̀ Àṣàkẹ́, ìyá tó bí ìyá mi,
fi àtòrì lé mi lọ́wọ́ ní Òkè Baálẹ̀,
ó ní, "Àwọn nìyí. Má jẹ́ kí n gbọ́ ariwo aládùúgbò."
Àgùntàn mẹ́tàdínlógún.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo ṣe bí ọba.
Mo bọ́ síwájú, mo gbé àyà sókè, mo ń súfèé.
Ìgbà tí mo máa fi wẹ̀yìn lẹ́bàá ojú irin,
ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé mi,
ewúrẹ́ ọ̀hún pàápàá kì í ṣe tiwa.

Lọ́jọ́ kejì mo di ọlọ́pàá.
Mo wà lẹ́yìn, mo ń fi àtòrì sọ̀rọ̀.
Wọ́n sáré lóòótọ́.
Wọ́n sáré gba inú ẹ̀gẹ́ Bàbá Sàlíù,
wọ́n sáré gba abẹ́ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn,
ọ̀kan gbé bùbá ẹlòmíì kọ́rùn délé.

Mọ̀ríámọ̀ kò nà mí.
Ó san owó ẹ̀gẹ́, ó fọ bùbá, ó dá a padà,
ó wá jókòó sórí odó tó dojú dé, ó bi mí:
"Nínú gbogbo wọn, èwo ló ń tiro?"
N kò mọ̀.
"Èwo ló lóyún?"
N kò mọ̀.
"Èwo ni àwọn yòókù máa ń wò kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀?"
Mo ní àgbò dúdú ńlá nì ni, oníwo kíká.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Àgbò yẹn? Kàn ni àgbò yẹn mọ̀ ọ́n kàn."

Abo àgbà kan ni. Etí rẹ̀ kan ti ya,
irun rẹ̀ ti re, kò wu ni í wò.
Ṣùgbọ́n tó bá dúró létí ojú irin,
gbogbo wọn a dúró;
kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Òṣogbo tó fọn fèrè,
ó ti fi pátákò gbọ́ ọ nínú ilẹ̀.
Mo yéé ṣáájú rẹ̀.
Mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àtòrì lábẹ́ abíyá,
ẹsẹ̀ èyí tó ń tiro ni mo sì fi ń wọn ọ̀nà:
tí òun bá ti dé etídò, a ti dé nìyẹn.

Ọjọ́ kan péré ni mo tún padà síwájú.
Òjò rọ̀, àgbàrá gé ọ̀nà ilé,
Etí-yíya dúró, ó ń wojú mi.
Mo ká ṣòkòtò, mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.
Omi dé mi ní orókún, ó dé mi nítan,
ẹ̀rù ń bà mí bí ẹni máa sunkún.
Nígbà tó yá, mo gbọ́ pọ̀ṣọ̀ pọ̀ṣọ̀ lẹ́yìn mi.

Lálẹ́, iná kì í sí. A kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ,
nítorí náà Mọ̀ríámọ̀ kì í fi ẹnu kà wọ́n.
Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn,
orí mẹ́tàdínlógún,
lẹ́yìn náà ó kan tèmi.

Ó ti lé ní ogójì ọdún.
Èmi ni alága onílé ládùúgbò wa báyìí,
owó tìràńsífọ́mà la ń dá.
Akápò ní ká já iná ẹni tí kò bá san.
Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì gbá tábìlì, ohùn rẹ̀ ròkè,
gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́.
Kàn ló mọ̀ ọ́n kàn.
Mo wo àga ẹ̀yìn, ó ṣófo.
Ìpàdé kẹta rèé tí Ìyá Ṣẹ̀gilọlá kò wá.
Kí ló ń ṣe é?
N kò mọ̀.

Mo pa ìwé dé, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró dè mí,
mo mú tọ́ọ̀ṣì,
mo gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.